Fíìmù Íńdíà tí oúnjẹ ọ̀sán ti ń ṣìnà: kí lorúkọ rẹ̀, ṣé wọ́n padà fẹ́ra?

The Lunchbox ni fíìmù tí ò ń wá. Ritesh Batra ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀; ọdún 2013 ló jáde, ìlú Mumbai ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Nimrat Kaur ló ṣe Ila, ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wojú rẹ̀ mọ́. Ó ní kóun fi oúnjẹ aládùn fa ọkọ mọ́ra, àmọ́ àwọn dabbawala, ìyẹn àwọn tó ń kó abọ́ oúnjẹ láti ilé lọ sí ọ́fíìsì, lọ gbé e fún Saajan Fernandes. Akáńtáńtì ni Saajan, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Irrfan Khan ló ṣe é, ó mọ̀ ọ́n ṣe o! Abọ́ padà sílé, ó mọ́ tónítóní. Ila fi lẹ́tà ìdúpẹ́ sínú abọ́ ọjọ́ kejì; èsì tó rí gbà ni pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ti inú wọn fún ara wọn, títí kan òórùn obìnrin mìíràn tí Ila gbọ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀.

Ní ti pé wọ́n fẹ́ra, fíìmù náà ò sọ. Wọ́n dá ìpàdé, Saajan dé ibẹ̀, ó rí i lókèèrè, kò yọjú, torí ó ti ka ara rẹ̀ sí arúgbó. Ìgbà tó yá ló wá ń wá a kiri.

Híńdì àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Má retí ìfẹnukonu. Lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀.