Ẹnu tó ṣàdédé wọ́ sápá kan: iwájú orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ká ní bàbá yín jí láàárọ̀, tí ẹnu wọn sì ti wọ́ sí ọ̀tún. Apá òsì ló ṣàìsàn nìyẹn o. Apá tó le ló ń fa ẹnu mọ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì í mú.

Ẹ ní kí wọ́n gbójú sókè bí ẹni tí ẹnu yà, kí iwájú orí lè hunjọ. Tó bá hunjọ lápá méjèèjì, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ ojú nìkan ló rọ, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí: apá méjèèjì ọpọlọ ló ń darí iwájú orí, bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, èkejì á gbà á. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí ojú kò ṣe é pa dé, iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ojú fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ní ìṣòro. Ìdánwò yìí kì í fìgbà gbogbo péye. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, tí wọ́n ń rí nǹkan ní méjìméjì, tàbí tí ọkàn yín kò balẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Aago tí ara wọn yá gbẹ̀yìn ni kí ẹ sọ fún dókítà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ rí i, torí láàárín wákàtí 4½ ni wọ́n sábà máa ń fúnni ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ má fún wọn lómi, ó lè gba ọ̀nà èémí. Ẹ má fún wọn ní aspirin kí wọ́n tó ya àwòrán ọpọlọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú rẹ̀. Kí wọ́n wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà: tó bá wálẹ̀ jù, ó lè jọ rọpárọsẹ̀ gan-an.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ti iṣan ojú ni Bell's palsy. Inú ihò tóóró kan nínú egungun etí ni iṣan náà gbà kọjá. Tó bá wú, kò ráyè. Prednisolone, oògùn tó ń dín wíwú kù, ló ń ràn án lọ́wọ́, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72. 50 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 wà lára bí dókítà ṣe máa ń kọ ọ́. Alátọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lò ó, torí ó ń gbé ṣúgà sókè.

Ẹyinjú gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé. Omi ojú àtọwọ́dá lọ́sàn-án, ìpara ojú lálẹ́, kí ẹ wá fi téèpù dè é pa. Ẹ rí i pé ó pa dé kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí téèpù tó bá ń ha ẹyinjú burú ju kò sí lọ.

Tí etí bá ń ro wọ́n gan-an, tí ìléròrò sì wà nínú rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì chickenpox ló jí padà. Prednisolone nìkan kò tó, ó nílò oògùn fáírọ́ọ̀sì. Etí tó ń ṣọyún àti orí tó fara gbá náà lè fà á. Èyí tó bá ń yọ́ rọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí tí kókó bá wà níwájú etí, kì í ṣe Bell's palsy; ẹ béèrè àwòrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ọ̀sẹ̀ 3 bá kọjá tí ojú kò mira rárá, ẹ padà lọ bá dókítà.