Ẹjọ́ àyè ọmọ nílé-ẹ̀kọ́: ìdáhùn sí olùkọ́-fẹ̀yìntì kan ní Kétu

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan ní kọ́múùnù wa ní kí n wá ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò máa parí ìjà lórí àyè ọmọ: àwọn tó ń wọ CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti àwọn tó gba CEP, ìwé-ẹ̀rí ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń lọ sí 6e, kíláàsì àkọ́kọ́ ní CEG, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ń gbé obì àti adìẹ wá sílé mi. Ọmọ mi tó wà ní London sọ pé wọ́n ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, tó dá dúró fúnra rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ibo ni kí èmi ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Ní England, òfin ilé-ẹ̀kọ́ ọdún 1998 ló bí ọ́fíìsì náà, Office of the Schools Adjudicator ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1999. Sir Peter Newsam ni olórí àkọ́kọ́. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ló ń yan àwọn onídàájọ́ yìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jókòó ti ẹjọ́, mínísítà kò lè sọ ohun tí wọ́n máa kọ fún wọn. Ìdájọ́ wọn de ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ilé-ẹjọ́ gíga ló kù fún un, ilé-ẹjọ́ yẹn náà kò sì ní tún ẹjọ́ dá látìbẹ̀rẹ̀, bóyá wọ́n tẹ̀lé òfin ni yóò wò.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ́fíìsì yẹn kì í wá àyè fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìlànà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń yan ọmọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Bí ọgọ́rùn-ún àyè bá wà, tí igba ọmọ ń wá a, kí ni ilé-ẹ̀kọ́ sọ pé òun máa fi yàn nínú wọn? Ṣé ohun tó sọ yé òbí? Ṣé ó bá òfin mu? Ẹ rántí abọ́ tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo lọ́jà: ẹni tó ń yẹ abọ́ wò kì í bá wọn ta àgbàdo, nítorí ọjọ́ tó bá tà á ni kò sẹ́ni tó máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́ lórí abọ́. Ẹjọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọn ò gbà, ìgbìmọ̀ mìíràn ló ń gbọ́ ọ, ẹni mẹ́ta ó kéré tán: ẹnì kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ìlú lásán tí kò ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rí, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ ẹ̀kọ́.

Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo agbára yín máa ti wá. Bí ìlú bá mọ̀ yín sí bàbá tó ń wá àyè fún ọmọ, adìẹ kò ní tán lẹ́nu ọ̀nà yín, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ́ tó tí wọn ò ní sọ pé ẹ ti gbà nǹkan. Ẹ kéde rẹ̀ ní gbangba, níwájú ẹgbẹ́ òbí àti àwọn olórí àdúgbò, pé ìgbìmọ̀ yín kò ní àyè kankan lọ́wọ́. Obì tó ti wọlé, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó dára, kí ẹ sì dá a padà lójú ẹlòmíràn.

Ibi ìbẹ̀rẹ̀ wá ni ìlànà fúnra rẹ̀. Nílé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, inú orí ọ̀gá ni ìlànà wà, kò sí níbi tí òbí ti lè kà á. Níbi tí kò bá sí ìwé, kò sí ohun tí ẹ máa fi dá ẹjọ́. Ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù ni yóò jàre. Ẹ bẹ àwọn ọ̀gá pé kí oníkálukú kọ ìlànà tirẹ̀ sínú ojú ìwé kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí èsì CEP tó jáde, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ọmọ ta ni yóò ṣẹ́ kù síta. England kò fi èyí ṣeré: ọjọ́ 28 oṣù Kejì ni ìlànà gbọ́dọ̀ ti fìdí múlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ takò ó ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún láti kọ̀wé, ó sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. Ó lè bẹ ọ́fíìsì pé kí wọ́n má sọ ẹni tí òun jẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ìwé tí kò lórúkọ. Mo fẹ́ kí ẹ mú èyí lò bó ṣe wà. Ẹ̀rù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń ba òbí tó níṣòro, ìwé tí kò lórúkọ sì ni wọ́n fi ń ba ọmọlúàbí jẹ́.

Kí ló yẹ kí ó wà nínú ìlànà, kí ni kò yẹ? Òfin tiwọn kọ̀ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ wo owó tí òbí dá, iṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí bóyá ó gbéyàwó. Ó kọ̀ pé kí wọ́n pe òbí tàbí ọmọ jókòó láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, àfi nílé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń sùn. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ òbí, kí wọ́n gbà á lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé.

Jíjìn ilé sí ilé-ẹ̀kọ́ ló máa dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àmọ́ ibo lẹ ti máa wọ̀n ọ́n, ibo lẹ máa wọ̀n ọ́n dé? Ọmọ tó wá láti abúlé kan lápá Idigny tàbí Adakplamè láti wọ CEG, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ nígboro ni yóò máa gbé. Ṣé ilé àbúrò bàbá ni ilé rẹ̀, àbí abúlé? Bí ìlànà kò bá dáhùn, olówó yóò yá ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò fún oṣù kan, ọmọ rẹ̀ yóò wọlé. Ẹ jẹ́ kí ìlànà sọ pé ibi tí ọmọ ń sùn lọ́jọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ilé rẹ̀, kí olórí àdúgbò sì jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ èèyàn, tí a ń pè ní vidomègon níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ní England, ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba, tàbí tó ti wà níbẹ̀ rí, ló ń ṣíwájú gbogbo ọmọ nígbà tí àyè kò bá tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ yẹn kò ní òbí tó máa sáré kiri fún un. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ní ìyá àti bàbá nítòsí, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì nílò rẹ̀ níbi tó ti ń tajà, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá bá yín. Ẹ bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n fi í sí ipò kìíní, ẹ má sì jẹ́ kí àìní ìwé ọjọ́-ìbí nìkan tì í síta.

CI yàtọ̀ sí 6e. Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọn dandan. Nítorí náà, ìdájọ́ tó bá fi ọmọ CI sílẹ̀ láìní ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ìdájọ́ tí kò tíì parí ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò lọ ni ìbéèrè tó kù, kì í ṣe bóyá yóò lọ.

Ẹ máa sọ pé nílùú bíi Kétu, ta ni kì í ṣe ìbátan ta? Lọ́hùn-ún, olórí ló ń pín ẹjọ́ fún àwọn onídàájọ́, ẹni tó bá ní àjọṣe pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í sì í fọwọ́ kan ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ yan ju iye tó máa jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ, bí ẹni méje, kí ẹni mẹ́ta máa jókòó. Ará Idigny á gbọ́ ẹjọ́ ìgboro, ará ìgboro á gbọ́ ti Idigny. Bí ó bá kan ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ti kọ́mọ, ẹ dìde kúrò níbi ìjókòó náà.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwé òbí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, èsì ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ òbí, kí ẹ tó pe ìjókòó. Nínú ẹjọ́ ọmọ kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n tẹ̀lé ìlànà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí wọn kò bá tẹ̀lé e, tó sì jẹ́ pé ọmọ náà ì bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Bí wọ́n bá tẹ̀lé e, ẹ wá gbé ìyà tí yóò jẹ ọmọ tí kò bá wọlé lé orí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìyà tí yóò jẹ kíláàsì tí wọ́n bá fi kún un. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ìdí sílẹ̀, kí ẹni tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, bí àwọn ti England ti ń ṣe. Ìwé tó kàn sọ pé “a kò gbà” láìsí ìdí, iná ìjà ló ń dá.

Ohun kan wà tí ẹ kò ní: òfin kò tíì fún ìgbìmọ̀ yín lágbára. Ẹ jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé nísinsìnyí, kí ẹjọ́ kankan tó dé, pé àwọn máa tẹ̀lé ohun tí ẹ bá sọ. Kí òbí sì mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni òpin ọ̀nà. Òfin ọdún 2009 dá Médiateur de la République, ìyẹn olùlàjà orílẹ̀-èdè, sílẹ̀ ní Benin, Albert Tévoédjrè ló kọ́kọ́ jókòó sípò náà, ọ̀fẹ́ sì ni èèyàn fi ń gbé ẹ̀sùn nípa ilé-iṣẹ́ ìjọba lọ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìdájọ́ yín.

Ní ti àwọn tó ti wá sílé yín: ẹ ní kí wọ́n padà lọ gba ìwé lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó sọ ìdí tí wọn kò fi gba ọmọ wọn. Ọ̀gá tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ìyẹn ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ yín.