Norton: orúkọ ni wọ́n rà, wọn ò ra gbèsè

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ilé iṣẹ́ kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jí orúkọ alùpùpù àtijọ́ dìde fẹ́ gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, àti pé àwọn tó ti sanwó pọ̀ débi pé ọdún méjì gbáko ni wọn yóò fi ṣe tiwọn tán, nítorí náà kò séwu. O wá béèrè pé kí ló dé tí Norton, ilé iṣẹ́ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kógbá sílé ní 2020 nígbà tí òun náà ní oníbàárà rẹpẹtẹ. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì ra Norton rí. Irin ni mo ń gé, tí mo ń tẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan lágbègbè Coventry. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọkọ̀, tí àwa ń kó ẹ̀yà ara fún, ló wó mọ́ wa lórí. Kì í ṣe Norton, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Norton yé mi.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó kúrò lọ́kàn rẹ ni pé oníbàárà púpọ̀ ni owó púpọ̀. Àsansílẹ̀ kì í ṣe èrè. Ká ní ilé iṣẹ́ kan gba £5,000 lọ́wọ́ èèyàn 100: ó ti jẹ gbèsè alùpùpù 100 nìyẹn, kò tíì rí èrè kọ́bọ̀. Bó bá wá jẹ́ owó ẹni tó dé lónìí ni wọ́n fi ń ra ẹ́ńjìnnì fún ẹni tó dé lọ́dún tó kọjá, bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò náà ń jìn sí i. Àtìwọ tó ń wò ó lóòókán, èrò lo máa rí, o ò ní rí ihò.

Alùpùpù kò sì ṣeé tà lábọ̀. Lára ohun tí àwa ń ṣe ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí táńkì epo ń jókòó lé. Nígbà tí wọn ò sanwó mọ́, a ní a ò kó ọjà wá mọ́. Irin tówó rẹ̀ kò tó oúnjẹ ọ̀sán, òun ló dá ọkọ̀ olówó gọbọi dúró sórí ìdúró. Bí ọkọ̀ bá ku irin kan ṣoṣo, wọn ò lè gbé e fún oníbàárà, wọn ò lè gba owó tó kù lọ́wọ́ ẹ̀, owó tí wọn ì bá fi san tiwa kò sì ní wọlé. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹnì kankan níbẹ̀ yẹn o, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló kàn fún ara rẹ̀ lọ́rùn.

Àmì tí mo kọ́kọ́ rí ni bí wọ́n ṣe ń sanwó. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni àdéhùn wa. Ó di ọgọ́ta, ó di àádọ́rùn-ún. Èyí kò tíì bà mí lẹ́rù, nítorí ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ìgbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní iye tó gún régé: ínfọ́ìsì á jẹ́ £3,412, wọ́n á fi £1,000 ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, £500. Ẹni tó ń san £1,000 tó gún régé bẹ́ẹ̀ kò wo ìwé owó rẹ rárá, èyí tó ṣẹ́ kù sí báńkì ló ń wò, tó ń pín in fún àwọn tí ariwo wọn pọ̀ jù. Tó o bá bá oníṣọ́ọ̀bù tó ń kó ẹ̀yà ara fún wọn pàdé, ìyẹn ni kó o bi í. Má bi í bóyá ọjà wọn dáa.

Ó yá, ká dé orí Norton. Orúkọ ńlá ni, kò sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn. James Lansdowne Norton ló dá a sílẹ̀ ní Birmingham ní 1898, alùpùpù wọn sì gbégbá orókè nínú ìdíje TT àkọ́kọ́ ní Isle of Man ní 1907, ní ìpele alùpùpù onísílíńdà méjì. Ó ti ṣubú rí kó tó di 2020: AMC tó ni Norton wó ní 1966, ilé iṣẹ́ NVT tí wọ́n kó Norton àti àwọn alùpùpù BSA àti Triumph pọ̀ sí ní 1973 náà kò bọ́ nínú wàhálà. Ní 2008 ni oníṣòwò kan, Stuart Garner, ra orúkọ náà, ó gbé iṣẹ́ lọ sí Donington, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta alùpùpù Commando tuntun. Ní 2015, George Osborne tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà yẹn wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kéde £4 mílíọ̀nù owó ìrànwọ́ ìjọba. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé alùpùpù tuntun tí wọ́n pè ní V4 jáde: èyí tí wọ́n pè ní SS jẹ́ £44,000, 200 péré ni wọ́n ní àwọn yóò ṣe, èyí tí wọ́n pè ní RR sì jẹ́ £28,000. Àwọn èèyàn dà lé e lórí.

Ní January 2020, Norton wà nílé ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn agbowó-orí lórí nǹkan bíi £300,000. Ronú sí i. Alùpùpù SS méje péré ló tó owó yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ní oníbàárà rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ kò rí owó alùpùpù méje kó jọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn, wọ́n yan ilé iṣẹ́ aṣírò owó BDO gẹ́gẹ́ bí administrator, àwọn tí òfin ń fi sí ìdí ilé iṣẹ́ tó bá ti rì sínú gbèsè, kí wọ́n gba ohun tó bá ṣeé gbà là.

Ibí yìí ni ẹni tí kò bá tíì kàn kò lè mọ̀. Láyé àtijọ́ nílé wa, bí ẹnì kan bá jẹ ọ́ ní gbèsè tí kò fẹ́ san, o lè gba ológò kó lọ dógò tì í, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó máa jẹ adìyẹ rẹ̀ títí ojú á fi tì í. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tí administrator bá wọlé, òfin ti gbé odi yí onígbèsè ká. O ò lè pè é lẹ́jọ́, o ò lè lọ gbé nǹkan rẹ, àfi bí wọ́n bá gbà fún ọ.

Àwa ní ìlà kan lẹ́yìn ínfọ́ìsì wa pé ọjà tiwa ni títí wọn yóò fi sanwó rẹ̀ tán. Mo tẹ ìwé náà dání, mo lọ síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó mú pátákó ìkọ̀wé lọ́wọ́ ló mú mi wọlé, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi èyí tó jẹ́ tiyín hàn mí." Páálí méjì wà lórí pẹpẹ tí mo fi máákà pupa kọ nọ́ńbà sí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, wọ́n ti jó o mọ́ férémù, wọ́n sì ti kùn ún lọ́dà. Mò ń rí wọn, mo lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ó mi orí. Ohun tí wọ́n bá ti jó mọ́ nǹkan ẹlòmíì, tí kò ṣeé tú láìbà á jẹ́, kì í ṣe tìrẹ mọ́ lójú òfin. Páálí méjì yẹn ni mo gbé lọ sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyókù di fọ́ọ̀mù tá a kọ orúkọ wa sí.

Fọ́ọ̀mù yẹn náà ni oníbàárà tó san àsansílẹ̀ ń kọ. Báńkì tó ti fi ilé àti ẹ̀rọ de owó rẹ̀ ló ń mú tirẹ̀ lórí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Administrator fúnra wọn ń gba owó iṣẹ́ wọn, lóòótọ́ kì í kéré. Owó oṣù tí wọ́n jẹ òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé e, dé ìwọ̀n kan. Láti December 2020, ìjọba tún ti bọ́ síwájú wa pẹ̀lú VAT àti owó-orí tí wọ́n yọ lára owó oṣù. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni àwa àtẹ̀yin wà. Kọ́bọ̀ mélòó kan lórí pọ́n-ùn kan lọ̀pọ̀ ń rí, àwọn míì kì í rí nǹkan kan.

Ní April 2020, TVS ra Norton ní £16 mílíọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ ni, TVS yìí kan náà, ti Íńdíà, tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ ń sáré kiri nílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe bí ẹni pé ìgbàlà ti dé fún gbogbo ẹni tó sanwó. Orúkọ, àwòrán iṣẹ́, ẹ̀rọ àti ọjà ni wọ́n rà lọ́wọ́ administrator. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ tó jẹ gbèsè, wọn ò rà á, ibẹ̀ ni gbèsè náà kù sí. Mi ò bá TVS wí o. Bí òfin ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn, ta ni yóò ra ilé iṣẹ́ tó wó bó bá jẹ́ pé gbèsè rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ san? Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí Solihull, wọ́n sì tún wá rí àléébù 35 tó kan ààbò ẹni tó ń gùn ún lára V4 SS tí wọ́n ṣe ní Donington. Ìyẹn ni pé ẹni tó rí tirẹ̀ gbà pàápàá kò tíì bọ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn náà kì í ṣe ti oníbàárà. Lọ́dún 2012 sí 2013, àwọn èèyàn tó lé ní igba gbé owó ìfẹ̀yìntì wọn sínú ètò mẹ́ta tí Garner jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀, owó náà sì wọ inú Norton. Òfin ní ètò bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 5 nínú 100 owó rẹ̀ sínú ilé iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ tó ni ín. Garner gbà ní 2022 pé òun jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ní Derby sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n dá ẹ̀wọ̀n náà dúró fún ọdún méjì, kò wọ ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó jẹ́ pé owó ogbó rẹ̀ nìyẹn, kí ló fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀?

Ó di orí tìrẹ wàyí. Bó o bá máa sanwó, credit card ni kó o fi san án, kódà kó jẹ́ £200 péré lára àsansílẹ̀ náà ló gba ibẹ̀. Òfin 1974 kan, ní ẹsẹ̀ 75 rẹ̀, sọ pé bí ẹni tó tajà kò bá mú àdéhùn ṣẹ, ilé iṣẹ́ káàdì yóò dáhùn pẹ̀lú rẹ̀ fún gbogbo owó ọjà náà. Àmọ́ iye ọjà gbọ́dọ̀ ju £100 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju £30,000. Iye alùpùpù ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye àsansílẹ̀. V4 RR ì bá wọlé, SS kò lè wọlé. Debit card kò sí lábẹ́ òfin yìí. Bí wọ́n bá ní kò sí káàdì o, àfi kó o ti báńkì fi owó ránṣẹ́, bi wọ́n pé àkáǹtì wo ni, ṣé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó àsansílẹ̀ sí àbí inú àpò kan náà tí wọ́n ti ń san owó iná.

Lọ sórí ìkànnì Companies House lálẹ́ òní, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ orúkọ wọn, wo ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi ìwé ìṣirò wọn sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀. Wo abẹ́ ibi tí wọ́n kọ charges sí, kó o mọ báńkì tàbí ayánilówó tó ti de ohun ìní wọn. Kọ ohun tó o bá rí ránṣẹ́ síbí, a óò jọ kà á.