Ta ni ó ni ẹwà Lake District? Ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ Wordsworth

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, kí ni akéwì William Wordsworth ní lọ́kàn nígbà tí ó kọ ọ́ pé agbègbè Lake District, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ irú ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ojú láti rí i àti ọkàn láti gbádùn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí, àti pé báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ìjà tí ó bá àwọn oní-rélùwéè jà?

Kì í ṣe rélùwéè ni ó mú un sọ ọ́. Inú ìwé tí ó fi tọ́ àwọn tí ń wá wo òkè àti adágún ibẹ̀ sọ́nà ni ọ̀rọ̀ náà wà, àwọn olówó tí wọ́n ń ra ilẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé tí kò bá àyíká mu, ni ó sì ń bá wí: ilẹ̀ lè jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo “ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ojú láti rí i” dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1844, nígbà tí wọ́n fẹ́ la ojú irin láti ìlú Kendal lọ sí apá adágún Windermere, Wordsworth, tí ó ti di ẹni ọdún 74, kọ ewì kan, ó sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Morning Post láti tako àbá náà. Ó ní kíkó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Lancashire wá síbẹ̀ wìtìwìtì kò ní ṣe wọ́n láǹfààní, nítorí pé ojú tí a fi ń mọ rírì irú ibẹ̀ kì í là lọ́jọ́ kan. Mi ò gbà á lẹ́nu rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń fa èéfín símú láti àárọ̀ dalẹ́ ni ó nílò òkè àti omi jù lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe ìgbéraga nìkan ni ó wà nídìí ìjà rẹ̀. Ó mẹ́nu ba àgbẹ̀ kan tí igi ńlá kan wà nítòsí ilé rẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ ní kí ó gé e tà. Àgbẹ̀ náà dáhùn pé kàkà kí òun gé e, òun á kúkú kúnlẹ̀ bọ ọ́. Wordsworth gbà pé inú ilẹ̀ kékeré àgbẹ̀ yìí ni ojú irin náà máa gbà kọjá.

Wọ́n ṣí ojú irin náà ní 1847, ṣùgbọ́n kò dé etí adágún.

Ní 1883, wọ́n tún fẹ́ la òmíràn láti Braithwaite, gba ẹ̀gbẹ́ adágún Derwentwater, kí wọ́n lè máa fi kó òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé wá láti Honister. Àlùfáà Hardwicke Rawnsley kó àwọn ènìyàn jọ láti takò ó, wọ́n sì fa àbá náà sẹ́yìn lọ́dún náà. Òun, Octavia Hill àti Robert Hunter ni wọ́n dá National Trust sílẹ̀ ní 1895, ẹgbẹ́ tí ó ń gba ilẹ̀ pa mọ́ fún gbogbo ará ìlú. Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí ń dáwó ra ilẹ̀ Brandelhow, létí adágún Derwentwater yẹn kan náà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan láti Sheffield fi owó ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń wu òun láti rí àwọn adágún náà, pé òun kò ní lè rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n pé òun fẹ́ bá wọn pa wọ́n mọ́ fún àwọn ẹlòmíràn.