Ọmọ mi fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ ṣe iṣẹ́

Ìbéèrè: Olóòtú, ọmọ mi a máa di ṣíbí ọbẹ̀ mú bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a sì máa pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣé ará ìlú kékeré lè fi èyí di gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà? – Ìyá kan, Ìkàrẹ́

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ìyá wa. Aláwàdà Ayọ̀ Mákun, tí a mọ̀ sí AY, ọmọ Ifọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí wọ́n bí sí Warri, kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní yunifásítì tó wà ní Abraka, ìlú tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Kí ó tó ní eré tirẹ̀, AY Live, ó ti ṣe olùrànlọ́wọ́ fún Ali Baba, aláwàdà tó ti lórúkọ ṣáájú rẹ̀. Sáà ìkọ́ṣẹ́ yìí ni èmi kà sí ju ẹ̀bùn lọ. Ní 2014, fíìmù rẹ̀, 30 Days in Atlanta, kún sinimá fọ́fọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó sì wá ọ̀gá.