Charleston pẹ̀lú ìyá àgbà àti ọmọ wẹ́wẹ́: ohun tí ojú wa rí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò. Ẹ ní ẹ̀yin mẹ́sàn-án lẹ̀ ń lọ, pé Màmá ti dé láti Ìbàdàn, pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní nínú oṣù keje, ẹ sì fẹ́ rí gbogbo Charleston, ìlú etíkun ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, kí Màmá tó padà sílé. Ẹ tún bèèrè bóyá kí ẹ gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, àti ibi tó dáa láti sùn.

Àwa mọ́kànlá la gbéra láti Atlanta ní oṣù keje ọdún 2024, bíi wákàtí márùn-ún lójú títì: ìyá mi ẹni ọdún 74, èmi àti ìyàwó mi, ọmọ wa mẹ́ta, àbúrò ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ mi kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an làwa náà fẹ́ ṣe. Mo tẹ ìwé kan tí mo to gbogbo ibi tí a máa dé sí, wákàtí sí wákàtí, bí ìwé ètò ìgbéyàwó. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú, ọ̀rẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ìyá mi sì ti bọ́ bàtà sọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ “gbogbo” yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín. Orúnkún Màmá ni kí ẹ fi ṣe máàpù.

Ooru ni mo kọ́kọ́ fojú di. Ṣebí inú oòrùn la dàgbà sí? Oòrùn tibẹ̀ yàtọ̀. Omi ló yí ìlú náà ká, odò Ashley lápá kan, odò Cooper lápá kejì, òkun níwájú, nítorí náà atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tí wọn ò fún gbẹ. Aago méjì ọ̀sán la dé ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin nítòsí ọjà. Wọ́n ní ooru ti kọjá ibi tí òfin ìlú gbà kí ẹṣin ṣiṣẹ́ dé, wọ́n ti dá àwọn ẹṣin padà sí ilé wọn. Ìyá mi wò mí, ó ní, “Ẹṣin ń sinmi, èmi ń rìn.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin nítorí Màmá, àmọ́ àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gbà á. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń wà á kọ́ ló ń yan ọ̀nà. Ìlú ló ń fi ìbò pín àdúgbò fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe fẹ́ gbéra, kí gbogbo wọn má baà já sójú títì kan náà. Ẹni tó bá ní òun máa rí i dájú pé ẹ dé Rainbow Row ń tan yín ni. Rainbow Row ọ̀hún kò ju ilé mẹ́tàlá lọ, tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi ọ̀dà ní East Bay Street. Ẹ ya fọ́tò, ẹ máa lọ. Bọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní DASH tó ń yí àárín ìlú ká lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló gba ìyá mi là ní ọjọ́ kejì.

Chalmers Street ni ẹsẹ̀ ìyá mi ti kọ̀ jálẹ̀. Òkúta róbótó-róbótó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, bàtà ń há, ọrùn ẹsẹ̀ ń yí. Ibẹ̀ sì ni Old Slave Mart wà, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1859 fún títa èèyàn, torí pé ní 1856 ìlú náà ti fòfin de títa ẹrú ní gbangba ìta. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé City Market, ọjà gígùn olórùlé yẹn, ni wọ́n ti ń ta ẹrú. Rárá o, ẹran, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wọ ilé tó wà ní Chalmers, ẹ jẹ́ kí mọ́tò já Màmá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tèmi jókòó sórí àtẹ̀gùn onílé kan, ó ní, “Ẹ máa lọ, tí ẹ bá ń bọ̀ ẹ ó bá mi níbí.” Ìgbà tí a fi máa bẹ̀ ẹ́ dìde, ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó gbé wa lọ sí Fort Sumter, odi ogun àtijọ́ tó wà láàárín omi, ti lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá jóná. Ọkọ̀ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Wàhálà ọjọ́ náà ò sì tíì tán. Nírọ̀lẹ́, a gbé bọ́ọ̀sì tí a háyà sí ẹ̀gbẹ́ títì nítòsí Market Street, a lọ jẹun. Òjò ò rọ̀, òfúrufú mọ́ kedere. Nígbà tí a jáde, omi ti gba ojú títì, ó ti dé ìdajì táyà. Omi òkun ni! Ilẹ̀ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, nítorí náà tí omi bá kún dé góńgó, ojú gọ́tà ló ń gbà jáde wá bá yín lójú títì. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò dáa fún irin mọ́tò, ilé iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀ fún wa sì gba owó lọ́wọ́ wa débi tí mi ò fẹ́ rántí. Lórúkọ ọ̀rẹ́ mi ni ìwé ọkọ̀ náà wà. Ẹ wá mọ ìdí tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìgbà tí omi máa kún ní Charleston Harbor lórí fóònù yín. Tí wọ́n bá ti ní ó máa tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ẹ gbé ọkọ̀ sí ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà, ẹ gùnkè.

Ọjọ́ kejì ni ọkàn wa tó balẹ̀, torí ibì kan ṣoṣo la lọ láàárọ̀: International African American Museum, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Orí ilẹ̀ Gadsden's Wharf ló wà, èbúté tí wọ́n ti já àìmọye èèyàn wa sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n kí Amẹ́ríkà tó fòfin de kíkó ẹrú wọlé ní 1808. Wọ́n ò jẹ́ kí ilé náà fara kan ilẹ̀: orí òpó méjìdínlógún ni wọ́n gbé e kà, ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 13, kí ilẹ̀ yẹn lè wà ní tirẹ̀. Lábẹ́ ilé náà, wọ́n ya àwòrán èèyàn sínú ilẹ̀, wọ́n tò wọ́n tì-tì-tì bí wọ́n ṣe ń to ẹrú sínú ọkọ̀. Omi máa bò wọ́n, á tún fà kúrò lórí wọn. Àwọn ọmọ ti fẹ́ máa sáré gba inú omi náà. Ìyá mi bọ́ bàtà, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́.” Àwọn ọmọ dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí.

Ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Nínú ilé náà ni ọmọbìnrin mi ẹni ọdún 12 ti bi mí níwájú gbogbo wa pé, “Dádì, ṣé àwa la tà wọ́n?” Ọ̀rẹ́ mi wojú mi, mo wojú ìyá mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan nínú wa tà, ogun ni wọ́n fi ń kó wọn, òyìnbó sì ń dúró létí omi láti rà. Mo ní púpọ̀ nínú àwọn tó gba Charleston wọlé, apá Sẹ̀nẹ̀gáńbíà, ilẹ̀ Sàró àti Àǹgólà ni wọ́n ti wá, torí àwọn olóko ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ìrẹsì. Àmọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Lorenzo Dow Turner gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1949 lórí èdè Gullah, èdè àwọn ọmọ ẹrú etíkun yẹn, orúkọ Yorùbá wà lára orúkọ tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ló tó wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi.

Lẹ́yìn irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí ọ̀sán. Àwa sùn, a wá lọ sí Sullivan's Island nírọ̀lẹ́ kí àwọn ọmọ lè fẹsẹ̀ tẹ òkun. Erékùṣù yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń há àwọn tí wọ́n kó dé mọ́ kí àrùn má baà wọ ìlú. Ní Fort Moultrie, odi ogun àtijọ́ tó wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì irin dúdú kan wà tí òǹkọ̀wé Toni Morrison wá síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní 2008 fún ìrántí wọn. Ìyá mi jókòó lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní nínú gbogbo ibi tí mo gbé òun dé, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ro ti àgbàlagbà.

Ọjọ́ kẹta la tó wọ ọkọ̀ Fort Sumter, èyí tó kọ́kọ́ ń lọ láàárọ̀. Òun ni wọ́n yin ìbọn àkọ́kọ́ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1861. Ká sòótọ́, bíríkì àti àgbá ni, àwọn ọmọ ò kà á sí. Ìtàn Robert Smalls ni mo fi mú wọn jókòó. Ẹrú ni, òun ló ń tukọ̀ Planter fún àwọn ológun ìhà gúúsù tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jà. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1862, nígbà tí àwọn ọ̀gá òyìnbó sùn sílùú, ó dé akẹtẹ̀ ọ̀gá, ó kó ìyàwó, ọmọ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó fọn fèrè bí ọ̀gá ṣe ń fọn ọ́n, ó sì gba iwájú Fort Sumter yìí kọjá lọ bá àwọn ológun ìjọba àpapọ̀. Ó padà di aṣòfin ní Washington. Lójú omi gan-an ni kí ẹ ti sọ ọ́. Àwọn ọmọ mi fi ìyókù ọ̀nà ṣeré rẹ̀, wọ́n sì jà lórí ẹni tó máa dé fìlà.

Tí ẹ bá fẹ́ rí oko ẹrú, McLeod ní James Island ni kí ẹ lọ. Ilé tí àwọn ẹrú gbé ṣì wà lórí ìlà, ìtàn wọn ni wọ́n sì fi ń ṣáájú. A ti kọ́kọ́ lọ sí òmíràn tí mi ò ní dárúkọ. Òdòdó àti àga òyìnbó ni wọ́n fi wákàtí kan júwe. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló bèèrè pé ta ló gbin òdòdó náà.

Oúnjẹ ò ní dà yín láàmú. Red rice wọn, bàbá kan náà ló bí i àti jọ̀lọ́ọ̀fù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ní ata ò mọ ilé rẹ̀. Ọbẹ̀ ilá wà. Bísíkíìtì pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní benne wafer: yànmọ̀tí ló wà lára rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò nílé ń pè ní bẹ́nísíìdì. Mo sọ fún ìyá mi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ra páálí mẹ́rin.

Ẹ kìlọ̀ fún Màmá nípa agbọ̀n koríko tí àwọn obìnrin Gullah ń hun. Ìyá mi ná èyí tí wọ́n pè ní 180 dọ́là sí 40, bí ẹni tó wà ní Bódìjà. Obìnrin náà ò bínú, ó kàn gbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún un, ó ní kó hun ìlà kan wò. Ìyá mi gbìyànjú títí, ó san 180 láìsọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹrin, nígbà tí à ń padà bọ̀, a yà sí Ọ̀yọ́túnjí, abúlé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń tẹ̀lé àṣà àti ẹ̀sìn Yorùbá, nítòsí Sheldon, lé díẹ̀ ní wákàtí kan sí gúúsù Charleston. Ọba Adéfúnmi Kìíní ló dá a sílẹ̀ ní 1970, ọmọ Detroit ni, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ti dé e ládé ní 1981 nígbà Ọ̀ọ̀ni Ṣíjúwádé. Ìyá ìjọ ni ìyá mi. Nígbà tó rí ojúbọ, ó ní òun ò sọ̀kalẹ̀, ó ti fèrèsé mọ́tò pa. Ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà kan kí i ní Yorùbá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ó ṣí fèrèsé, ó ní, “Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn.” Ìgbà tí mo fi máa ra omi dé, ó ti sọ̀kalẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní ohùn “ẹ káàárọ̀” àti “ẹ káàsán”. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ.

Ní ti ibi tí ẹ máa sùn, àwa sùn sí North Charleston nítorí owó, a sì fi sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ san án padà láràárọ̀. Tí agbára bá ká a, ẹ gba ilé tó ní kíṣìnì ní Mount Pleasant, lódì kejì afárá Ravenel, kí Màmá lè padà lọ sinmi lọ́sàn-án, kó sì ro àmàlà rẹ̀. Tí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ sọ fún mi, kí n bá yín wo ìgbà tí omi máa kún.