Kí ni ìtumọ̀ “Ìjà ò dọlà, orúkọ ní ń sọni”?

Ìbéèrè: Mo pa òwe yìí fún ọmọ mi nílé wa ní Súrùlérè. Ó ní irọ́ ni, pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti bọ́ǹbù ń là sí i bí ogun ṣe ń le sí i. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ọmọ yín ní làákàyè, ẹ má bá a wí.

Ọlà ló wà nínú òwe náà, kì í ṣe ọlá. Inú “là” ló ti jáde, bí a ṣe ń sọ pé ẹnì kan là, ó lówó. Orúkọ tí ìjà sì ń sọni kì í ṣe orúkọ rere. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo jà nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n fa aṣọ iléèwé mi ya láti ọrùn dé àpò. Ìyá àgbà kò lù mí. Òwú funfun ti tán, ó fi òwú dúdú rán aṣọ funfun náà, ó ń tún òwe yìí pa bó ṣe ń fa abẹ́rẹ́. Títí táàmù fi parí ni ojú rírán dúdú yẹn wà láyà mi, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Jàgídíjàgan.

Ẹni tó ń jà ni òwe náà ń bá wí. Kò dárúkọ ẹni tó ń ta ẹ̀tù, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà mọ onítọ̀hún dáadáa. Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tú ká tán títí di 1893. Dídún ìbọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Omi òkun ló gbé ìbọn dé Èkó láti ilẹ̀ òyìnbó. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ní Ìbàdàn, ológun ńlá kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ ọmọ ogun tirẹ̀. Wọ́n á kó ẹrú lójú ogun, àwọn kan á máa ro oko, wọ́n á ta àwọn yòókù, owó rẹ̀ á ra ẹ̀tù, ẹ̀tù á tún gbé wọn lọ sógun mìíràn.

Bí ẹ bá gba Tinúbú kọjá ní Erékùṣù Èkó, ẹ rántí ẹni tó ni orúkọ náà. Ẹfúnróyè Tinúbú ta ẹrú, ó ta tábà àti iyọ̀, ó ta ohun ìjà. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1856, ó gba Abẹ́òkúta lọ. Nígbà tí Dàhòmì gbógun dé ibẹ̀ ní 1864, òun ló ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde. Mi ò ní bú u, nítorí ìlú tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìkólẹ́rú nílò ẹ̀tù. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le nìyẹn: ẹnì kan lè gba ìlú là, kí ogun sì tún jẹ́ ọjà rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ológun gan-an ló kìlọ̀. Dwight Eisenhower, ọ̀gágun tó darí ìjà ní Yúróòpù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ń fi ipò ààrẹ sílẹ̀ ní January 17, 1961. Ó ní láyé àtijọ́, bí ogun bá dé, ẹni tó ń rọ ohun èlò oko náà ló máa ń rọ idà. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ti wá di iṣẹ́ ojoojúmọ́, mílíọ̀nù 3.5 èèyàn ló sì ń ṣiṣẹ́ ààbò. Ó ní kí aráàlú ṣọ́ra fún agbára tí àwọn ológun àti àwọn oníléeṣẹ́ yìí ní nígbà tí wọ́n bá para pọ̀. Ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é tì: owó oṣù èèyàn wà níbẹ̀, ìbò sì wà níbẹ̀ fún olóṣèlú.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé òwe náà kò parọ́. Ẹni tó gbé ìbọn ni ìyá àgbà ń pa á fún. Ẹni tó ta ìbọn ni ọmọ yín ń béèrè.